Àwọn Tó Wá Ra Ilé Tí N Kò Tà

Ọkùnrin kan fi téèpù wọn ògiri ọgbà mi nígbà tí n kò sí nílé. Málàmù tó ń po tíì ní òdìkejì ọ̀nà ló sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo dé. Ó ti gbé Sábó ní Ìbàdàn rí, ó sì gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ó ní ọkùnrin náà wọn iwájú, ó wọn ẹ̀gbẹ́, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó wá béèrè lọ́wọ́ òun bóyá ẹni tó nilé ti kú.

"Kí lo sọ fún un?"

"Mo ní, kai, kò kú o. Ìrìn àjò ló lọ."

"O ṣeun."

"Ṣùgbọ́n Bàbá," ó ń fọ ife lọ́wọ́, kò wojú mi, "ìrìn àjò yín máa ń pẹ́. Èmi náà ti fẹ́ máa ṣiyèméjì."

Iṣẹ́ kànga ẹ̀rọ ni mò ń ṣe. Àwa la máa ń gbé ẹ̀rọ ńlá lọ sí abúlé tí kò lómi, tí a óò sì gbẹ́ ilẹ̀ títí omi yóò fi jáde. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ àpáta, ó lè gbà wá ní oṣù mẹ́ta kí a tó parí abúlé mẹ́rin. Nígbà tí ìyàwó mi wà láyé, ìrìn àjò mi kò kan ilé, torí òun wà níbẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tó ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo tí a bí wà nílé ọkọ ní Ìlọrin. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti ti géètì pa, kò sí ẹ̀mí kankan nínú ilé náà mọ́ àfi aláǹgbá, títí n óò fi padà.

Ilé náà kò tóbi. Yàrá méjì àti pálọ̀ ni, lẹ́yìn Idu ní Àbújá, níbi tí a ti máa ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin. Èmi àti ìyàwó mi la kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án. Ọdún tí a bá rí ṣe, a óò mọ ògiri. Ọdún tí a kò bá rí ṣe, a óò gé koríko inú rẹ̀.

Ní Àbújá, ilé tí ènìyàn kò bá sùn sí, kì í pẹ́ kí ẹlòmíràn tó rí i tà. N kò ní í jẹ́ kí ti èmi rí bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ ni pé kí n lọ síbi iṣẹ́, kí n padà, kí n sì bá ilé mi bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Ẹnu ya gbogbo èèyàn pé ọ̀rọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ le tó yìí.

Àbúrò mi ọkùnrin ń gbé ní Garki. Ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ kejì máa ń wà. Mo lọ bá a, mo sọ ti ẹni tó ń fi téèpù wọn ògiri fún un.

Ó ní, "Mo ti sọ ọ́ tipẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi ayálégbé sí i. Ilé tí èèyàn ò gbé, ikán ni yóò gbé e."

"Ikán kì í sọ pé òun ló ni ín."

"Ẹ̀yin náà! Kẹ́ ẹ fẹ́ ìyàwó nígbà náà. Ìyàwó á máa bá yín ṣọ́ ilé."

"Ṣé ajá ni ìyàwó ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Àwọn ará ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa náà ti bá mi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n rò pé torí ìyàwó mi tó kú ni n kò ṣe fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ ilé náà. Ìyẹn wà níbẹ̀, n kò ní í purọ́. Ṣùgbọ́n níbi iṣẹ́ wa, kíláàsì ilé ìwé tí wọ́n ti pa tì la máa ń sùn sí, tàbí ẹ̀yìnkùlé baálẹ̀. Kí n tó wọ ibikíbi, mo gbọ́dọ̀ tọrọ àyè. Ilé yìí nìkan ni mo ti lè wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Bí mo bá fi ayálégbé sí i, èmi náà yóò máa kanlẹ̀kùn níbẹ̀.

Mo mọ bí wọ́n ti ń tọ́jú ilé tí a fẹ́ fi sílẹ̀. Ọjọ́ méjì ni mo máa ń fi palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Mo máa ń pa iná láti orí súìṣì ńlá, n óò ti omi láti ìdí táǹkì, n óò nu inú fíríìjì gbẹ, n óò sì fi igi kékeré há ilẹ̀kùn rẹ̀ kó má baà bu. N óò fi àkísà dí ihò ilé ìwẹ̀ nítorí aáyán àti eku. N óò da ọ́ìlì ẹ̀rọ tó ti dúdú sí ìdí ògiri yípo nítorí ikán. N óò kó ewé kúrò nínú gọ́tà. Ẹ̀ka máńgòrò tó bá ti fẹ́ kan páànù, n óò gé e. Ohun tí kò sí nínú iṣẹ́ ọjọ́ méjì yìí ni ohun tí a lè ṣe sí ọmọ ènìyàn.

Gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n máa ń kọ sára ilé ní orílẹ̀-èdè yìí nítorí àwọn gbájú-ẹ̀. Mo lọ ra ọ̀dà pupa àti búrọ́ọ̀ṣì ní ọjà Wuye. Òyìnbó ni àwọn èèyàn fi ń kọ ọ́. Èmi kò fi òyìnbó kọ tèmi.

Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí n tó mọ̀wé. Kíláàsì àwọn àgbà ni mo lọ, nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan, ní ìrọ̀lẹ́. Olùkọ́ tó ń kọ́ wa níbẹ̀ ni mo padà fẹ́. Yorùbá ló fi kọ́ wa, kò sì gbà kí a kọ ọ̀rọ̀ kankan láìfi àmì sí i. Ó máa ń na ṣọ́ọ̀kì sí ẹni tó bá gbàgbé: "Kí lẹ kọ síbẹ̀ yẹn, Bàbá? Ọkọ́ ni àbí ọkọ̀? Ṣé ọkọ̀ lẹ fẹ́ fi ro oko?" Àwọn àgbàlagbà tó ti lọ́mọọmọ á bú sẹ́rìn-ín, tí wọn á máa tọ́ka síra wọn. Òyìnbó, mo lè kà á, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá bi mí léèrè nípa rẹ̀, ẹ̀rù á bà mí. Yorùbá tí mo bá kọ, mo lè dúró ti lẹ́tà kọ̀ọ̀kan níwájú adájọ́.

Nítorí náà, mo kọ ọ́ bó ṣe kọ́ mi: A KÒ TA ILÉ YÌÍ. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan gùn tó ìgbọ̀nwọ́, gbogbo àmì sì wà níbi tó yẹ kó wà. Lábẹ́ rẹ̀ ni mo kọ nọ́ńbà fóònù mi sí, kí ẹni tó bá rí omi tó ń dà tàbí iná tó ń jó lè pè mí.

Àbúrò mi wá wò ó. Ó dúró ní àárín ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lérí.

"Ta ló ń ka Yorùbá ní Àbújá?"

"Ẹni tí kò bá lè kà á, kó bi ẹni tó lè kà á."

"Ẹ̀yin nìkan lẹ óò máa ka ògiri yín."

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí ìpínlẹ̀ Niger. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí mo débẹ̀ tí fóònù mi dún. Ohùn ọ̀dọ́kùnrin kan ni.

"Ẹ káàsán sà. Èmi àti ìyàwó mi la rí ilé yín. A ní ká bi yín ní iye tó jẹ́."

"Ilé wo?"

"Èyí tẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà sí lára, sà. Lẹ́yìn Idu."

"Ẹ bá mi ka ohun tí mo kọ síbẹ̀."

Mo gbọ́ tí ó ń bá obìnrin kan sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kà á bí ọmọ iléèwé: "A kọ́... tà. Ilé yìí."

"A kí ni?"

"A kọ́ tà, sà. A kọ́ ọ láti tà á. Ilé yìí. Bíi tàwọn tó ń kọ́ ẹ́sítéètì."

Ẹ̀rọ ń ké lẹ́yìn mi. Mo ní kí wọ́n pa á.

"Níbo ni wọ́n bí ọ sí?"

"Àbújá níbí, sà. Ìjẹ̀bú ni àwọn òbí mi."

"Bí o kò bá lọ síbì kan, báwo lo ṣe máa sọ ọ́?"

"Mi ò lọ."

"Bí ẹ bá pọ̀ ńkọ́?"

"A ò lọ."

"'Kò' tí mo kọ, 'ò' yẹn náà ni."

Ó pariwo mọ́ mi létí. "Yéè! A ò ta ilé yìí? Ẹ má bínú sà. Mi ò tíì rí 'ò' tó ní 'k' níwájú rí."

Ó pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá mi ṣiṣẹ́ yíjú padà wò mí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò gbé fóònù sílẹ̀.

"Ẹ̀hn, sà. Ìyàwó mi ní kí n sọ pé, bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ padà fẹ́ tà á, ẹ jọ̀ọ́, kó má wọ́n jù. Ikán ti gun férémù fèrèsé apá ọ̀tún. Páànù igun ẹ̀yìn náà ti ṣí."

"Igun wo ní ẹ̀yìn?"

"Níbi táǹkì, sà. Afẹ́fẹ́ ń gbé e sókè."

Káfíńtà kan wà tí mo mọ̀, ará Ògbómọ̀ṣọ́. Mo pè é lójú ẹsẹ̀. Ó gba kọ́kọ́rọ́ géètì lọ́wọ́ àbúrò mi, ó gun òkè lọ́jọ́ kejì, ó sì kan páànù náà mọ́lẹ̀. Ó ní ìṣó méjì péré ló kù tó dì í mú. Oṣù tí òjò ń rọ̀ jù ni a wà. Bí kò bá sí ẹni tó ṣi ìwé mi kà, omi ni ǹ bá padà wá bá nínú ilé.

Àwọn mìíràn pè. Ìyá kan fẹ́ fi ilé náà ṣe ilé ẹ̀kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́. Pásítọ̀ kan ní Ẹ̀mí ló darí òun gba ọ̀nà ibẹ̀. Kò sí ìkankan nínú wọn tó ka "kò" bí mo ṣe kọ ọ́, gbogbo wọn ló sì rí àléébù. Ojú ẹni tó fẹ́ ra nǹkan lówó pọ́ọ́kú kò láàánú. Ìyá náà ní ògiri ọgbà mi ti sán, koríko sì ti tó bo ejò. Pásítọ̀ ní àwọn kan ti ń da pàǹtí sí gọ́tà iwájú. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, n óò sọ fún wọn pé n kò ta ilé, n óò wá pe bíríkìlà. Ẹnikẹ́ni tí ì bá máa bá mi ṣọ́ ilé náà, kò lè ṣọ́ ọ tó àwọn wọ̀nyí.

Àbúrò mi gbọ́. Ó pè mí.

"Ẹ jẹ́ n wá pa nǹkan yẹn rẹ́, kí n fi òyìnbó kọ ọ́. Wọ́n ń ṣì í kà."

"Má fọwọ́ kàn án. Jẹ́ kí wọ́n máa ṣì í kà."

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ti yí ohùn padà. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kúkú tà á. Ẹ ò rí i pé Ọlọ́run ló ń rán wọn sí yín?"

"Ọlọ́run mọ̀wé. Ó ti ka ohun tó wà níbẹ̀."

Kò pè mí mọ́ fún bí oṣù kan. Mo rò pé ó ti gbà.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè kan, ọmọkùnrin tó kọ́kọ́ pè mí yẹn tún pè. Ohùn rẹ̀ ń dùn. "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Inú ilé yín mà dáa ju ìta lọ o."

Mo kúrò nídìí ẹ̀rọ kí n lè gbọ́ ọ dáadáa.

"Sà?"

"Ta ló mú yín wọlé?"

"Àbúrò yín, sà. A bá wọn níwájú ilé. Wọ́n ní ẹ ti yí ọkàn padà. Wọ́n ní ká wá ní Sátidé, ká wá wọn fèrèsé fún kọ́tíìnì."

"Aago mélòó?"

"Mọ́kànlá."

"Ẹ wá," ni mo wí.

Mo kúrò níbi iṣẹ́ láàárọ̀ Sátidé náà. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ níwájú ilé, géètì ṣí sílẹ̀. Málàmù gbé kẹ́tùlù tíì sókè, ó fi Hausa kí mi káàbọ̀. "Sànnu da zuwa, Bàbá." Ó fi ojú tọ́ka sí inú ilé, ó mi orí.

Àbúrò mi jókòó nínú àga mi ní pálọ̀. Ọmọkùnrin náà wà lórí àpótí, ó na téèpù sí orí fèrèsé. Ìyàwó rẹ̀ dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú bírò àti ìwé, oyún rẹ̀ ti hàn. Òun ló kọ́kọ́ rí mi. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, bí ọmọ tí a kọ́ dáadáa.

"Ẹ káàbọ̀, sà."

Kò mọ ohun tó ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà nílé ló máa ń kí ẹni tó dé káàbọ̀. Ẹni tó dé ló máa ń sọ pé ẹ kú ilé. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé tí mo fi ọwọ́ ara mi gbé búlọ́ọ̀kù rẹ̀, àlejò sì ń kí mi káàbọ̀ sínú rẹ̀. Bí mo bá dáhùn pé "Ẹ kú ilé," mo ti tà á nìyẹn, láìgbowó.

"Rárá, ìyá," mo ní. "Èmi ni mo ni 'ẹ káàbọ̀' níbí. Ẹ káàbọ̀."

Ó wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí àpótí, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú ilé, sà."

"Ẹ kú ilé, sà," ni obìnrin náà wí.

Mo yíjú sí àbúrò mi. Kò tíì dìde nínú àga. "Káàbọ̀," mo ní.

Ó ń wo fèrèsé.

"Mo ní, káàbọ̀."

Mo gbọ́ tí téèpù ń wọ inú ike rẹ̀ lọ lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà. Lẹ́yìn náà ni àbúrò mi dìde, ó ní, "Ẹ kú ilé," ó sì dà bí ẹni tó gbé òkúta mì.

"Kọ́kọ́rọ́ dà?"

"Ta lẹ tiẹ̀ ń tọ́jú ilé yìí fún?" Ó ti ń pariwo. "Ẹni tó ti kú? Oṣù mẹ́sàn-án nínú ọdún, ẹ ò sí níbẹ̀! Ẹni tó ń wá ilé rèé, ó fẹ́ bímọ síbẹ̀, ẹ ní ẹ ò tà. Ẹ ò gbé e, ẹ ò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé e!"

"Ilé mi ni. Bó bá wù mí, kí n má gbé e."

"Orí kunkun lásán nìyẹn!"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Kọ́kọ́rọ́ dà?"

Ó sọ ọ́ sórí tábìlì, ó sì jáde. Géètì dún gbàmù lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn méjèèjì dúró síbẹ̀, wọn kò mọ ibi tí wọn yóò wò. Obìnrin náà ní, "A ò mọ̀, sà. Wọ́n ní ẹ ti gbà." Mo ní kí wọ́n jókòó. Mo lọ ṣí omi nídìí táǹkì, mo ṣí i títí ó fi mọ́, mo bu fún wọn. Wọ́n mu ún. Mo béèrè ohun tó wà lọ́kàn mi.

"Àléébù wo lẹ tún rí?"

Wọ́n wojú ara wọn. Ọkùnrin náà fẹ́ sọ pé kò sí. Ìyàwó rẹ̀ ṣí ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó sì kà á fún mi láìdúró. Ibì kan tutù ní àjà ilé ìwẹ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ń ha ilẹ̀. Ikán ṣì wà ní férémù. Àgádágodo géètì ti dógùn-ún. "Àti pé pálọ̀ yín ṣókùnkùn, sà," ó ní. "Àwọ̀ ọ̀dà yẹn ló fà á." Ọkọ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Àwọ̀ tí ìyàwó mi yàn ni. Ó ṣókùnkùn lóòótọ́. N kò ní í pààrọ̀ rẹ̀.

Mo bá wọn wá ilé lọ́dọ̀ ẹnì kan ní ẹ̀yìn ọ̀nà. Bóyá wọ́n gbà á, n kò mọ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú, àbúrò mi mú alàgbà kan wá láti inú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa. Mo kí àwọn méjèèjì káàbọ̀, wọ́n sì dá mi lóhùn. Bàbá náà jókòó, ó fi ọ̀pá rẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀.

"Wọ́n ní o gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ àbúrò ẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Bí nǹkan bá wá ṣe ọ́ ní ibi tó ò ń lọ ńkọ́? Ilẹ̀ lẹ ń gbẹ́. Ta ni yóò ṣí ilẹ̀kùn?"

"Bí mo bá kú, kí wọ́n já a."

"Kí wọ́n já a! Ṣé olè ni àbúrò ẹ?"

"Kì í ṣe olè. Ẹni tó bá já ilẹ̀kùn á mọ̀ pé ilé onílé lòun wọ̀. Ẹni tó bá fi kọ́kọ́rọ́ ṣí i lè gbàgbé. Ó ti gbàgbé lẹ́ẹ̀kan."

Àbúrò mi ń wo ilẹ̀. Bàbá náà wò mí pẹ́. Ó ní òun ti mọ bàbá wa, pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni bàbá wa náà ṣe rí, pé àrùn tí kò ní oògùn ni. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Mo fún wọn ní oúnjẹ, àbúrò mi sì jẹun. Ó bi mí bóyá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló ń ha ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó lọ gbé e sókè fún mi kí n lè fá ìdí rẹ̀. A ṣe é tán. Àbúrò mi ni. Kọ́kọ́rọ́ nìkan ni n kò fún un.

Kí wọ́n tó lọ, Bàbá ní ká gbàdúrà. Mo tẹrí ba. Ó ní kí Ọlọ́run mú mi lọ láyọ̀, mo ṣe àmín. Ó ní kí omi jáde níbi tí a bá gbẹ́, mo ṣe àmín. Ó ní kí Ọlọ́run rọ̀ mí lọ́kàn, kí n lè gba ìmọ̀ràn. Ó dúró dè mí.

N kò ṣe àmín.